Bí A Ṣe Lè Mú Bàtà Oko Tó Rin Gbẹ Nílé

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ alákùrọ̀ àti àwọn olóko kòkó sọ ní ìpàdé wọn nígbà òjò

A dúpẹ́ pé òjò rọ̀ fún wa, nítorí ọdún tí kò bá rọ̀, ariwo tí a óò máa pa yóò ju èyí lọ.

Bí a bá pe irú ìpàdé báyìí, ohun tí ẹ máa ń retí ni ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, irúgbìn tuntun tàbí oògùn kòkó. Lónìí, bàtà ni mo gbé wá. Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ná: ẹ̀yin mélòó lẹ ní bàtà rọ́bà gígùn nílé, èyí tí a ń pè ní réènbúùtù? Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin mélòó lẹ wọ̀ ọ́ lọ sóko láàárọ̀ yìí? Ẹ ò rí i! Ọwọ́ tó nà sókè lẹ́ẹ̀kejì kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Mo sì mọ ìdí rẹ̀, torí ohun kan náà ni ẹ máa ń sọ fún mi bí mo bá bá yín lóko: "Ó ti rin láná, kò tíì gbẹ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí n tó sọ ti ẹlòmíràn. Ọdún kan wà tí mo dá oko ìrẹsì díẹ̀ sí àkùrọ̀, yàtọ̀ sí iṣẹ́ oṣù tí mo ń ṣe. Òjò oṣù kẹsàn-án ká mi mọ́ oko, omi kún bàtà mi. Nígbà tí mo délé, ó ti rẹ̀ mí. Mo da omi inú rẹ̀ nù, mo so ó rọ̀ sókè ààrò tí ìyàwó mi ti ń dáná, mo ní kí ooru iná mú un gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ọrùn bàtà kan ti wọ́ bí ewé kókò tí oòrùn pa, ìsàlẹ̀ èkejì sì ti ṣí lẹ́nu. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé inú rẹ̀ ṣì tutù!

Ẹyẹ ti ń wá jẹ ìrẹsì, n kò lè dúró sílé. Mo wọ sílípáàsì lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé sílípáàsì kì í dúró lẹ́sẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ni mo bá bọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn. Kùkùté ọparun kan tó mú ṣáṣá gún mi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà kò ju èékánná lọ. Mo so àkísà mọ́ ọn, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ ti wú dé orúnkún. Ọjọ́ 11 ni mo fi dùbúlẹ̀, ẹyẹ sì jẹ ìrẹsì mi bí ẹni pé èmi ni mo pè wọ́n wá síbi àsè. Owó abẹ́rẹ́ àti oògùn tí mo san tó ra bàtà méjì. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ bàtà, ọ̀rọ̀ ìkórè ni mo ń sọ.

Kì í sì í ṣe kùkùté nìkan ni bàtà ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Omi àkùrọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́, tí ìgbín wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, ni àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ti ń wá, èyí tí àwọn kan ń pè ní àtọ̀sí ajá. Kò dìgbà tí èèyàn bá mu omi náà. Awọ ara tó bọ inú omi ni kòkòrò rẹ̀ ń gbà wọlé. Aràn kan tún wà tí ọmọ rẹ̀ ń gbé inú ilẹ̀ rírin níbi tí èèyàn bá ti ń yàgbẹ́ sí. Ó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, ó ń lọ dúró sínú ìfun, ó ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá pọ̀ lára rẹ̀, yóò máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá, ẹ̀yinjú rẹ̀ yóò funfun, àwọn ará ilé yóò ní ayé ló ń ṣe é. Ejò ńkọ́? Ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ ló sábà máa ń bù ṣán. Èmi kò sọ pé eyín paramọ́lẹ̀ kò lè gba ara rọ́bà kọjá rárá o, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ bàtà tó ga dé ojúgun sàn ju ẹni tó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ó dáa. Báwo ni bàtà ṣe ń rin? Ẹ ó ní òjò ni. Òótọ́ ni, omi lè gba ẹnu bàtà wọlé, ó sì lè gba ojú ihò wọlé. Ṣùgbọ́n omi kẹta wà tí ọ̀pọ̀ wa kò kà sí, ìyẹn òógùn ẹsẹ̀. Rọ́bà kì í mí. Bí kò ṣe jẹ́ kí omi ìta wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni kò jẹ́ kí òógùn inú jáde. Ẹ wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ títí di ọjọ́rọ̀ ní ọjọ́ tí òjò kò kán rárá, kí ẹ wá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ óò bá a tó tutù. Nítorí náà, lójoojúmọ́ tí ẹ bá wọ bàtà ló yẹ kí ẹ mú inú rẹ̀ gbẹ, kì í ṣe ọjọ́ òjò nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sá kòkó, ẹ kò nílò kí n kọ́ yín ní ohun tó ń mú nǹkan gbẹ. Bí kòkó bá ṣì tutù, ṣé inú àpò la máa ń dì í sí ká tó gbé e sóòrùn? Rárá. A óò tẹ́ ẹ, a óò máa yí i, kí afẹ́fẹ́ lè dé gbogbo ara rẹ̀. Bàtà rọ́bà dà bí àpò tí ẹnu rẹ̀ kéré. Ẹ gbé e dúró sínú oòrùn láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò gbóná, omi inú rẹ̀ yóò di ooru, ooru náà kò ní rí ọ̀nà jáde dáadáa. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ara bàtà tutù, ooru náà yóò tún di omi padà sí ibi tó ti wá. Ohun tí a ń ṣe, ẹ dákun, ni pé ká kọ́kọ́ fa omi inú rẹ̀ jáde, ká sì wá ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò fi wọ ibẹ̀ tí yóò sì jáde.

Bí ẹ bá ti ń bọ̀ láti oko, ẹ fọ ẹrẹ̀ ara bàtà nù létí odò. Bí omi ẹrẹ̀ bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ṣan inú náà. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ tún ń rin ín sí i. Ẹrẹ̀ tó bá dúró sínú rẹ̀ yóò máa di omi mú, yóò sì máa rùn. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí omi ro. Bí ohun pẹlẹbẹ kan bá wà tí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ inú bàtà, èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń tẹ̀, ẹ fà á yọ, kí ẹ sá a lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yọ ọ́, abẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni omi ń sá pamọ́ sí. Ẹ wá fi àkísà gbígbẹ nu inú bàtà títí dé orí níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń wà.

Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló kàn. Ẹ rún un lọ́wọ́ kó wú, ẹ kì í bọ inú bàtà láti orí títí dé ọrùn, ṣùgbọ́n ẹ má kì í le koko bí ẹni ń ki ìbọn. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ yọ ọ́ wò. Yóò ti rin. Ẹ fi òmíràn sí i. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀. Pípààrọ̀ yìí ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó ki ìwé sí i lẹ́ẹ̀kan, tó fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, ìwé tó ti rin yẹn ni kò ní jẹ́ kí bàtà gbẹ. Bébà tó ń dán, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe kàlẹ́ńdà, kò wúlò, kì í fa omi.

Bí kò bá sí ìwé, háhá àgbàdo gbígbẹ dára. Lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì dára, ìyàngbò ìrẹsì náà ṣe é lò díẹ̀, bí ẹ bá rọ wọ́n sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ tí ẹ so lẹ́nu, kó má bàa tú sínú bàtà. Ìyá àgbẹ̀ kan ló kọ́ mi ní ti ṣùkù. Ṣùkù àgbàdo tí wọ́n ti họ ọmọ rẹ̀ tán, ìyá yìí máa ń kó o sórí àjà òkè ààrò, kó lè gbẹ kangẹ́kangẹ́. Bó bá ti oko dé, á ki mẹ́rin mẹ́rin bọ inú bàtà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùkù á fa omi, á sì jẹ́ kí ẹnu bàtà là sílẹ̀. Láàárọ̀, á dá ṣùkù padà sórí àjà. Kò ná kọ́bọ̀. Mo ti ń lo èyí nílé mi láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ìwé lọ. Eérú tí àwọn kan ń dà sínú bàtà ńkọ́? Eérú ń fa omi lóòótọ́, àmọ́ kì í tán níbẹ̀, bó bá sì pò mọ́ òógùn, ó ń ta ẹsẹ̀ tó ti bó. Ẹ fi eérú sílẹ̀ fún ọṣẹ dúdú.

Bí ìwé tàbí ṣùkù bá ti fa omi tó pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ló kù. Ẹ wá igi méjì tó gùn tó apá, tó nípọn bí ọwọ́ ọkọ́. Ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí òjò kò lè fẹ́ dé, kí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ẹ fi bàtà kọ́ wọn, kí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kọjú sókè, kí ẹnu rẹ̀ má sì kan ilẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé, kó máa jáde. Ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì lè kan igi méjèèjì mọ́ pákó. Oòrùn àárọ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì kò burú. Oòrùn ọ̀sán gangan lójoojúmọ́ ló ń mú kí rọ́bà le, kó sì máa sán.

Ẹni tó bá ń kánjú, tó gbọ́dọ̀ wọ bàtà náà láàárọ̀, lè lo omi gbígbóná. Ẹ bu omi tí ọwọ́ lè gbà sínú ìgò ike, ẹ dé e pa, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ ọ́, kí ẹ kì í bọ inú bàtà. Ooru rẹ̀ ń ti inú wá, kò sì lè jó nǹkan kan. Bó bá tutù, ẹ pààrọ̀ omi.

Ọ̀rọ̀ iná wá dé o. Gbogbo wa la ti ṣe é. Bàtà tó jẹ́ ike a rọ̀, a wọ́. Bàtà tó jẹ́ rọ́bà, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ a jọ̀wọ́. Bàtà awọ, irú ti ọdẹ àti ti sójà, a le bí igbá, a sì sán níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́ ẹ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé bàtà sí ìtòsí ààrò rárá, ẹ kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín síbẹ̀, kí ẹ ka ení, èjì, títí dé ogún. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró títí dé ogún, bàtà kò gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀.

Èyí tó tún burú ju bàtà tó wọ́ lọ ni ti àwọn tó ń gbé iná èédú wọ yàrá. Òtútù ń mú, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á to bàtà àti aṣọ oko yí iná ká, wọ́n á sùn. Ẹ jọ̀wọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Nǹkan kan ń jáde lára èédú tó ń jó, tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì ti pa odidi ìdílé mọ́jú rí. Bàtà kò tó ohun tí èèyàn ń kú sí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé bàtà yóò gbẹ ní òru kan ní oṣù keje. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ń wá omi tí yóò mu. Ohun tó rin lálẹ́ lè ti gbẹ láàárọ̀. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ dà bí aṣọ ìnura tó ti rin tẹ́lẹ̀, èló ló tún fẹ́ gbà? Ọjọ́ méjì ni kí ẹ fojú sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kó ní bàtà méjì, kó máa fi ọ̀kan sinmi ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní ọ̀kan gan-an pẹ̀lú ìnira ni òun fi rà á. Ẹni bẹ́ẹ̀, kó ní ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán. Ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ nínú bàtà tó ṣì rin díẹ̀, tí a pààrọ̀ ní ọ̀sán, yóò ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fín oògùn, bóyá ti kòkó ni o, bóyá ti koríko ni o, tiyín yàtọ̀. Ẹ má ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú bàtà. Ìta ni kí ẹ jẹ́ kó wà, kó bo ẹnu bàtà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oògùn tó ń ṣàn lára ṣòkòtò yóò lọ kóra jọ sínú bàtà, ẹsẹ̀ yín yóò sì máa bọ́ sínú rẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Bí ẹ bá fín in tán, ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ẹ̀yìn bàtà kí ẹ tó bọ́ ọ, níbi tó jìnnà sódò àti kànga. Bàtà yìí kò gbọ́dọ̀ wọ ilé ìdáná, kì í sì í ṣe ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré la ó sá a sí. Ìwé tí ẹ fi fa omi inú rẹ̀, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kí ẹ sin ín. Mo sọ èyí nítorí mo ti rí ibi tí wọ́n ti sá irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbẹ, tí wọ́n kó o fún oníàkàrà. Bàtà awọ kò dára fún iṣẹ́ yìí rárá, torí awọ ń mu oògùn, fífọ̀ kò sì ní yọ ọ́. Bí ògidì oògùn tí a kò tíì lú bá dà sínú bàtà rọ́bà, tí ó sì wọ aṣọ inú rẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nígbà ogun àgbáyé kìíní, láti 1914 sí 1918, àwọn sójà tó dúró nínú kòtò olómi ní ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù rí ohun tí bàtà tó rin ń ṣe. Ẹsẹ̀ wọn kú tipiri, ó wú, ó ń jẹrà, wọ́n sì gé ti àwọn mìíràn. Ohun tí àwọn ọ̀gá wọn ṣe sí i kò ju pé kí wọ́n máa bọ́ bàtà, kí wọ́n nu ẹsẹ̀ gbẹ, kí wọ́n fi òróró ra á, kí wọ́n sì wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ. Òtútù ilẹ̀ wa kò tó tọ̀hún, àmọ́ omi lè jẹ ẹsẹ̀ níbí náà. Ẹ óò kọ́kọ́ rí i láàárín ọmọ ìka kẹrin àti ìkarùn-ún: á funfun, á bó, á máa yún. Ẹ fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ lálẹ́, ẹ nu àárín ọmọ ìka ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ má fi kẹ́rosíìnì ra á, ẹ má sì bu omi bátìrì sí i. Ìpara tó ń wo irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti ní ilé oògùn, kò sì wọ́n. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tó gbóná, tí kókó yọ sábẹ́ itan, ẹ má dúró dé ọjọ́ kẹta bíi tèmi. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kó ní kí ọmọ tàbí aya bá òun wo àtẹ́lẹsẹ̀ lálaalẹ́, torí ọgbẹ́ lè wà níbẹ̀ tí kò ní dùn ún.

Kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà láàárọ̀, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ fi gìgísẹ̀ rẹ̀ lu ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Bàtà tó wà lóde mọ́jú, ibùsùn ni fún àkeekèé àti ọ̀pọ̀lọ́. Ejò kékeré náà fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ wá ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó ku ti ihò. Ẹ ká ẹnu bàtà pọ̀ kí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú agbada omi, bí fókánáísà ṣe máa ń ṣe tíúbù. Ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá gbẹ. Bí bàtà bá jẹ́ rọ́bà gidi, fókánáísà lè lẹ̀ ẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ́, kó sì gbẹ dáadáa kó tó fi gọ́ọ̀mù sí i. Bó bá jẹ́ ike, gọ́ọ̀mù tíúbù kì í mú un pẹ́, aránbàtà ni kí ẹ gbé e lọ bá. Mo ti ri igi méjì sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí, bàtà tèmi sì wà lórí wọn láti ìdájí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lọ wò ó kí ọkọ̀ wa tó ṣí, kó sì ki ọwọ́ bọ inú bàtà náà.